Ìkarahun Kò Ní Ẹnu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìyàwó mi ni mo ti ń pa òwe yìí fún un, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo ń bá a sọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní ìlú àtijọ́ kan ní etí òkun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó fún òwe náà lésì, mo sì dákẹ́ bí ẹni tí a da omi tútù lé lórí. Nítorí èsì náà ni mo ṣe mú gègé lónìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín, n kò sì ní dá ara mi láre.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa ń rí àwọn tọkọtaya òyìnbó àgbàlagbà tí wọ́n ń kọjá lọ nínú ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV, ó sì máa ń wù mí bí ẹran ti í wu ọmọdé. Bí ẹ kò bá rí irú ọkọ̀ náà rí, ẹ fi ojú inú wo bọ́ọ̀sì kan tí a ti kó àga inú rẹ̀ kúrò, tí a wá kó ilé sí i. Lẹ́yìn awakọ̀ ni tábìlì ìjẹun wà. Lẹ́yìn tábìlì ni ààrò gáàsì àti fíríìjì wà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ilé ìwẹ̀, tí ó fún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọṣẹ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Ní ìparí gbogbo rẹ̀ ni ibùsùn wà. Táǹkì mẹ́ta ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà: ọ̀kan fún omi mímu, èkejì fún omi tí a fi wẹ̀ tí a sì fi fọ abọ́, ẹ̀kẹta sì ni èyí tí n kò ní ṣàlàyé, nítorí pé ó lè jẹ́ ìdí oúnjẹ ni ẹlòmíràn ti ń ka ìwé yìí.

Mo ra tèmi lọ́wọ́ ẹni tí ó ti lò ó fún ọdún mẹ́sàn-án. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 28. Nígbà tí mo wà á dé iwájú ilé wa, ìyàwó mi jáde, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí ó fẹ́ ra màlúù, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Ṣé ọkọ̀ ni èyí ni, àbí ilé?”

Mo ní, “Méjèèjì ni.”

Ó ní, “Owó wo ni ẹ fi rà á?”

Mo ní, “Owó ìfẹ̀yìntì mi ni.”

Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, kò sì tún bèèrè mọ́.

Irọ́ ni mo pa. Ní ọdún 1998, èmi àti ìyàwó mi ra ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì méjì ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn. Ìdajì owó náà ti ọwọ́ mi wá. Ìdajì kejì ti inú àjọ tí ìyàwó mi ń dá pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru tí ó sì ń tọ́jú ìbejì lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi nìkan ni ó wà nínú ìwé ilẹ̀. Lọ́dọọdún ni a ń sọ pé a óò kọ́lé síbẹ̀. Lọ́dọọdún ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń gbé owó ilé mì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí wá wọ̀ mí lára, mo pe àbúrò mi ní ilé, ó wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ náà, a tà á, mo sì fi owó rẹ̀ kún èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé arúgbó kì í bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé. Mo ní n óò sọ fún un nígbà tí a bá wà lójú ọ̀nà, tí inú rẹ̀ bá dùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ilẹ̀ tí kì í rìn ra ilé tí ń rìn.

A kúrò ní Atlanta ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. A sùn ní ẹ̀bá Savannah ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kọrí sí gúúsù, a wọ ìpínlẹ̀ Florida. St. Augustine ni a ń lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ni mo ti fẹ́ fi ojú ara mi rí ìlú yìí. Nínú gbogbo ìlú tí àwọn ará Yúróòpù tẹ̀ dó sí ilẹ̀ tí ń jẹ́ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lónìí, tí ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀ láti ìgbà náà láìdáwọ́ dúró, òun ni ó pẹ́ jù lọ. Pedro Menéndez de Avilés, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1565. Ọdún 42 lẹ́yìn èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé Jamestown.

Ibùdó tí a gbé ọkọ̀ wa sí wà lórí erékùṣù Anastasia, ní òdì kejì omi sí ìlú. Mo fi rọ́bà fa omi sínú táǹkì, mo fi wáyà ńlá fa iná mànàmáná láti ara òpó tí wọ́n rì sí ẹ̀gbẹ́ wa, ó sì di ilé. Ìyàwó mi ro àmàlà lórí ààrò gáàsì kékeré náà ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó ti ń rò ó ni gbogbo ọkọ̀ ń mì, tó bẹ́ẹ̀ tí òyìnbó tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa fi wá bèèrè bóyá àlàáfíà ni a wà.

Lẹ́yìn oúnjẹ a rìn lọ sí etíkun. Mo sọ fún un pé ní etíkun erékùṣù yìí ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú wọ inú òkun ní oṣù kẹfà ọdún 1964, nítorí pé àwọn òyìnbó ní tiwọn nìkan ni omi náà, wọ́n sì lù wọ́n nínú omi. Nínú oṣù yẹn kan náà, ní ilé ìtura kan láàrin ìlú, ẹni tí ó ni ilé náà da ásíìdì sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí ó rí i tí dúdú àti funfun jọ ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ni ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tí ó fi òpin sí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtura àti ilé oúnjẹ. Mo ní, “Ìyá Ìbejì, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ kí a ní ilé tiwa tí a ó máa gbé kiri, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè lé wa jáde.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè lé wa jáde nínú rẹ̀, ṣebí ilẹ̀ rẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn.”

Àyà mi já. Mo ní atẹ́gùn ti ń tutù jù, ẹ jẹ́ kí a padà.

Ní ọjọ́ kejì, olùtọ́jú ibùdó kìlọ̀ fún wa pé kí a fi ọkọ̀ ńlá sílẹ̀, kí a wọ takisí lọ sí ìlú, nítorí pé àwọn ará Sípéènì kò la ọ̀nà wọn fún ohun tí ó ju ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ. Ìyàwó mi ní kí a gbọ́ràn. Mo ní ọkọ̀ tí mo fi owó mi rà, èmi kò ní fi í sílẹ̀ kí n máa wọ takisí. Ẹ kíyè sí i pé mo ní “owó mi”.

A gun Afárá Kìnnìún, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1927, tí àwòrán kìnnìún méjì tí a fi òkúta mábù gbẹ́ wà ní ẹnu rẹ̀, a sì bọ́ sínú ìlú. Kò pẹ́ tí mo fi yà sí ibi tí kò yẹ. Ọ̀nà náà fún bí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé yọ síta ní apá ọ̀tún, ògiri òkúta wà ní apá òsì. Mo wo iwájú, n kò rí ibi tí n óò gbà. Mo wo ẹ̀yìn, ọkọ̀ mẹ́ta ti tò sí ìdí mi, wọ́n ń fun fèrè. Òógùn bò mí. Ìyàwó mi kò sọ ohunkóhun. Ó bọ́ sílẹ̀, ó di ìborùn rẹ̀ mọ́ ìdí, ó lọ bá àwọn awakọ̀ mẹ́ta náà, ó ní kí wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n sì padà. Lẹ́yìn náà ó dúró sí ibi tí mo ti lè rí i nínú dígí, ó ń ju ọwọ́, ó ń ké pé, “Ẹ máa bọ̀! Ẹ máa bọ̀! Ẹ dúró! Òsì ni mo wí, Bàbá Ìbejì! Ṣé ẹ kò mọ òsì mọ́ ni?” Yorùbá ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo òyìnbó tí ó dúró ń wòran. Nígbà tí mo jáde sí gbangba, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bí mo bá gbọ́n ni, ǹ bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi níbẹ̀.

A rí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ńlá sí, a sanwó, a sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé olódi tí wọ́n ń pè ní Castillo de San Marcos. Igi ni àwọn ará Sípéènì fi ń kọ́ ilé olódi wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣà orí omi ń jó o, òjò ń rà á. Ní ọdún 1672 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta kọ́ èyí, ó sì di ọdún 1695 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Lórí erékùṣù Anastasia, ní ibi tí a sùn sí gan-an, ni wọ́n ti wa òkúta náà. Ṣùgbọ́n òkúta náà kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Ìkarahun ẹran omi kéékèèké ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú ilẹ̀ láti ìgbà láéláé. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á jáde, ó rọ̀. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i, yóò máa le.

Ní ọdún 1702, àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti Carolina dó ti ìlú náà. Àwọn ará ìlú, tí wọ́n ju 1,000 lọ, kó sínú ilé olódi, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́. Wọ́n jó ìlú, ṣùgbọ́n ilé olódi kò wó. Ní ọdún 1740, James Oglethorpe kó ogun wá láti Georgia, ó ń yin ìbọn àgbá lù ú lójoojúmọ́. Ibi tí ọta ìbá ti fọ́ òkúta mìíràn sí wẹ́wẹ́, ńṣe ni ó ń rì sínú ògiri ìkarahun yìí bí ẹni sọ òkò sínú ẹ̀bà. Títí di òní olónìí, kò sí ọ̀tá tí ó fi agbára gba ilé olódi náà.

Ìyàwó mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ó ní, “Ìkarahun ni gbogbo èyí?”

Mo ní, “Ìkarahun ni. Ṣé o rántí òwe mi? Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.”

Ó ní, “Mo rántí. Ṣùgbọ́n ẹran inú ìwọ̀nyí ti kú tipẹ́. Ìkarahun ni ó kù tí ó ń gba ọta fún gbogbo ìlú.”

Mo rò pé àwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a wa ọkọ̀ lọ sí ibì kan tí kò ju nǹkan bí máìlì méjì lọ sí àríwá ìlú. Fort Mose ni orúkọ rẹ̀. Tìtorí ibẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ wá sí St. Augustine, inú mi yóò sì dùn bí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ̀ọ̀kan bá lè mọ ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1687, ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin méjì àti ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí ó ṣì ń mu ọmú sá kúrò nínú oko ẹrú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Carolina. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n gbà wá sí St. Augustine. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1693, ọba Sípéènì pàṣẹ pé ẹrú tí ó bá sá wá tí ó sì gba ìsìn Àgùdà yóò di òmìnira. Ní ọdún 1738, gómìnà Manuel de Montiano fún àwọn ìsáǹsá wọ̀nyí ní ilẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé olódi tiwọn síbẹ̀, wọ́n fi amọ̀ àti igi mọ ọ́n. Gracia Real de Santa Teresa de Mose ni wọ́n sọ ọ́. Òun ni ìlú àkọ́kọ́ tí òfin fọwọ́ sí fún àwọn aláwọ̀ dúdú òmìnira ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Amẹ́ríkà lónìí. Balógun wọn ni Francisco Menéndez, ọmọ Mandinka láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa, tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí. Wọ́n dáko, wọ́n bímọ, wọ́n sì ń ṣọ́ ojú ọ̀nà àríwá fún gbogbo ìlú.

Nígbà tí ogun ọdún 1740 dé, wọ́n kó wọn sínú ìlú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gba Mose. Ní ìdájí ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà, àwọn ará Mose, àwọn ọmọ ogun Sípéènì àti àwọn ọmọ onílẹ̀ ya bo àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, wọ́n sì lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n ilé olódi náà ti bàjẹ́. Ọdún 1752 ni wọ́n tó tún un kọ́. Kò pé ọdún méjìlá lẹ́yìn èyí tí ọba Sípéènì àti ọba Gẹ̀ẹ́sì fi jókòó láti parí ogun mìíràn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Havana ní Kúbà. Sípéènì fẹ́ gbà á padà. Ní ọdún 1763, Sípéènì fi Florida ṣe pààrọ̀ Havana. Bí àwọn ará Mose ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kúbà nìyẹn, Menéndez pẹ̀lú wọn. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní ilẹ̀ ìgbẹ́ ní agbègbè Matanzas, ní agbègbè kan náà tí a ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ṣe ẹrú ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, tí ìlù bàtá sì ń dún títí di òní.

Wọ́n ti kọ́ àfijọ ilé olódi náà fún àwọn àlejò, ọdún 2025 ni wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n ibi tí Mose gan-an wà ti di àbàtà. Kathleen Deagan, onímọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti Yunifásítì Florida, ni ó ṣáájú àwọn tí ó wú ilẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1986 títí di ọdún 1988. Omi àti koríko ti bo ibi tí ilé olódi àkọ́kọ́ wà. Ibi tí èkejì wà ti di erékùṣù kékeré láàrin ẹrẹ̀.

Wọ́n fi pákó ṣe afárá gígùn kan wọ inú àbàtà náà. Èmi àti ìyàwó mi rìn dé ìparí rẹ̀. Oòrùn ti ń rọlẹ̀, ẹyẹ lékeléke ń fò, kò sì sí ohun tí a rí bí kò ṣe koríko àti omi. Ìyàwó mi fi ara ti igi afárá. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, “Bàbá Ìbejì, ilẹ̀ náà dà?”

Ilẹ̀ Mose ni ó ń bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jalè ni a ń bá wí, tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ, ẹnu mi ti ní, “Mo ti tà á.”

Ó yíjú sí mi. “Kí ni ẹ tà?”

Kò sí ọ̀nà àtipadà mọ́. Mo sọ ohun gbogbo fún un: àbúrò mi, ẹni tí ó ra ilẹ̀, iye tí ó san, ọjọ́ tí owó dé. Kò gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ó dára,” ó sì rìn padà lórí afárá náà níwájú mi láìwo ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé ńlá, ẹ kò mọ ìyà tí ó wà nínú kí ènìyàn ṣẹ aya rẹ̀ nínú ilé tí gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 28 lọ. Kò sí yàrá mìíràn tí ẹ lè lọ. Bí ó bá fẹ́ kọjá lọ bu omi, ẹ gbọ́dọ̀ dìde fún un. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò jẹ. Mo jókòó sórí àga awakọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ náà ni mo sì sùn, mo di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni tí ó ń lọ sí ibì kan.

Ní agogo márùn-ún ìdájí, ó fọwọ́ kàn mí ní èjìká. Ó ti po tíì, ó ti jókòó sí ìdí tábìlì. Ó ní kí n wá jókòó.

Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ilẹ̀ ni ẹ tà, a lè ra òmíràn. Èyí tí ó dùn mí ni pé ẹ gbé mi sínú owó ara mi, ẹ wà mí láti Atlanta dé ìhín, ẹ sì jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní gbogbo ojú ọ̀nà.”

N kò rí èsì fọ̀.

Ó ní, “Àwọn ará ibi tí a lọ lánàá. Wọ́n jà fún ilẹ̀ náà, wọ́n sin òkú wọn síbẹ̀. Ọba kan jókòó sí ibi tí ó jìnnà, ó fi ilẹ̀ náà ṣe pààrọ̀, wọ́n kàn gbọ́ ni. Kò bi wọ́n. Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ bi yín, ṣé ọba Sípéènì ni yín nínú ilé mi ni?”

Mo ní, “Rárá o.”

Ó ní, “Ẹ máa ń pa òwe ìgbín fún mi. Láti ọdún yìí wá ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo ń rẹ́rìn-ín sí i. Ìkarahun kò ní ẹnu, ni wọ́n ṣe lè pa irú òwe bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Èmi ní ẹnu. Ẹ kò bi mí.”

Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀nà àárín ọkọ̀ náà fún. Ẹsẹ̀ mi wà lábẹ́ tábìlì, orí mi kan fíríìjì. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní irú ìwé ilẹ̀ tí mo ní, tí owó ẹni méjì ra ilẹ̀, tí orúkọ ẹnì kan wà nínú rẹ̀.

Kò ní kí n dìde kíákíá. Ó mu tíì rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó ka àdéhùn mẹ́ta fún mi. Èkíní, n óò pe àbúrò mi lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n óò sì sọ fún un pé ilẹ̀ tí a tà kì í ṣe tèmi nìkan. Èkejì, bí a bá padà dé, a óò ta ọkọ̀ náà, a óò sì fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀ mìíràn ní ilé, bí kò tilẹ̀ ju púlọ́ọ̀tì kan lọ. Ẹ̀kẹta, orúkọ méjì ni yóò wà nínú ìwé rẹ̀, tirẹ̀ ni yóò sì ṣáájú.

Mo gbà. Mo ní kí a yí orí ọkọ̀ padà sí ilé lójú ẹsẹ̀ kí a lè tètè tà á.

Ó ní, “Rárá. Ìdajì owó mi ni ó wà nínú ọkọ̀ yìí. N óò gùn ún tẹ́rùn kí a tó tà á.” Ó na ọwọ́ sí mi. “Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lo ọjọ́ mẹ́rin sí i ní ìlú náà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wa ọkọ̀ náà gba ojú títì lọ sí àríwá, èmi sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń wo máàpù fún un. Ó ń wà á jẹ́jẹ́ ju bí mo ti ń wà á lọ. Nígbà tí a wọ Georgia, mo fẹ́ la ẹnu pa òwe kan, mo wò ó, mo pa ẹnu mi dé.

A ti ta ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ tuntun náà kéré, púlọ́ọ̀tì kan péré ni, ó sì jìnnà sí ìgboro Ìbàdàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí, orúkọ méjì ni ó sì wà nínú rẹ̀. Mo ka èyí tí ó ṣáájú, mo ka tèmi. Kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tiyín, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi ara yín pé owó ta ni ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì bi onítọ̀hún pẹ̀lú. Ó dìgbà kan ná.